Ìkarahun Tí Mo Gbé Kọ́ Àbẹ̀kẹ́ Lọ́rùn

Láti àárọ̀ ni ọmọ-ọmọ mi ti ń ka ẹ̀kọ́ gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Live", "leave". "Live", "leave". Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè máa rò pé ara ló ń ro arúgbó. Ara kọ́. Láti kọlẹ́ẹ̀jì ní Kétu, lápá Faransé níbí, ni ọ̀rọ̀ méjì yẹn ti ń lé mi kiri.

Nígbà tiwa, a kì í sọ Nàgó, èdè abínibí wa, lọ́gbà ilé-ìwé. Bí ìjàlọ bá bù ọ́ jẹ, Faransé ni kí o fi ké. Ẹni tó bá ṣì í sọ, wọ́n á gbé sínyáàlì kọ́ ọ lọ́rùn: ìkarahun ìgbín tí wọ́n ti okùn bọ̀, tó ń rùn burúkú. Àfi bí o bá gbọ́ Nàgó lẹ́nu ẹlòmíràn lo tó lè bọ́ ọ fún un. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a bá jáde ló máa jẹ ẹgba. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣọ́ ẹnu ọ̀rẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ lọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ń nájà ní Ìmẹ̀kọ, lápá Nàìjíríà, nítorí náà ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì jù wá lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò gẹ̀ẹ́sì, sínyáàlì wà lọ́rùn mi. Mo ní kó là mí lóye lórí ọ̀rọ̀ méjì náà. Ó fi Faransé ṣe é títí, kò wọ̀ mí létí. Ló bá wo ọ̀tún wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó fi Nàgó sọ ọ́.

"Ẹni tó ń gbé ibì kan ni ti àkọ́kọ́. Èkejì, ẹni tó ń fibẹ̀ sílẹ̀ lọ ni. Ṣó yé ọ?"

Ó yé mi. Mo bọ́ ìkarahun, mo gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

"O káre, ọ̀rẹ́ mi," ló wí. Lójú gbogbo wa ni wọ́n ti nà án lọ́jọ́ náà. Mo yege ìdánwò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìyá rẹ̀ ti wá mú un lọ sí Ìmẹ̀kọ. Ojú ṣì ń tì mí.

Sínyáàlì ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nàgó ni àwọn ọmọ fi ń bú ara wọn lọ́gbà ilé-ìwé báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí. Wọ́n ní Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà ní Ìmẹ̀kọ, pé ó ti dàgbà bíi tèmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gun alùpùpù láti lọ bẹ̀ ẹ́. Bí a bá ti dé Ìlárá lẹ́nu ibodè, mo máa ń sọ fún ẹni tó gbé mi pé mo gbàgbé nǹkan sílé. Irọ́ ni. Kì í ṣe èébú ni mò ń sá fún. Ẹ̀rù ń bà mí pé kó rí mi, kó rẹ́rìn-ín, kó gbé oúnjẹ síwájú mi, kó sì béèrè àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi.