Ojú Àpá Tó Wà Lára Ife

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Bàbá Lẹ́tà kú. Ẹ wo ọjọ́ tí ikú rí mú, fún ọkùnrin tí wọn kò jẹ́ kó ṣẹ́gun nígbà tó wà láyé. Òun ló máa ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó bá borí sára ife orílẹ̀-èdè wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é, nínú yàrá kótópó kan lábẹ́ àwọn ìjókòó pápá ìṣeré, níbi tó ti ń gbọ́ ariwo góòlù láìfojú rí góòlù kan ṣoṣo.

Àjọ bọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Wọ́n kú iṣẹ́ o! Orúkọ Bàbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan sì ti jábọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó gbẹ́ orúkọ àwọn ẹlòmíràn sára irin láìfo lẹ́tà kan, orúkọ tirẹ̀ ni wọn kò rí kọ dáadáa sórí bébà. Ṣé àwọn ará ọ́fíìsì yẹn kò ní ojú ni, àbí ojú náà ti lọ ìpàdé?

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣebí Bàbá Kánjú yẹn ni, tó ba ife jẹ́?" Ẹ dákẹ́ ná. Mo lọ kí ìyàwó rẹ̀ kú àràfẹ́rakù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá ló máa ń di ife mú kó má baà yí bí ọkọ rẹ̀ bá ń gbẹ́ ẹ, nítorí náà ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni. Rélùwéè àti àwọn Oníbúrẹ́dì ló pàdé ní àṣekágbá. Rélùwéè ti gbá góòlù méjì wọlé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ni akọ̀wé àjọ bá já wọ yàrá náà, táì rẹ̀ ti yí sẹ́yìn ọrùn.

"Bàbá, ẹ gbẹ́ Rélùwéè síbẹ̀. Àlejò wa pàtàkì ń kánjú."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí fèrè dún ná."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù ni? Méjì sódo! Ta ni yóò dá a padà? Ẹ gbẹ́ ẹ, ó ti parí."

Bàbá gbẹ́ ẹ. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ni wọ́n wà tí òkè fi mì tìtì.

Màmá ní, "Mo ní, 'Bàbá, ariwo kí lèyí?' Ó wo ife lọ títí, ó ní, 'Ìyá, ariwo búrẹ́dì ni.'"

Àwọn Oníbúrẹ́dì dá méjèèjì padà, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife. Bàbá ha Rélùwéè kúrò, ó gbẹ́ Oníbúrẹ́dì sí i, ṣùgbọ́n oníkámẹ́rà kan ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti yà á. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, akọ̀wé jáde, ó ní arúgbó náà kò mọ bọ́ọ̀lù, pé ìkánjú rẹ̀ ló kó bá wọn. Wọ́n dá Bàbá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n máa ń ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Fàdákà wà lọ́wọ́ àjọ. Síbẹ̀ wọ́n tún gba orúkọ rere lọ́wọ́ agbẹ́fàdákà.

Ọwọ́ tèmi náà kò mọ́ o. Ojú ewé yìí gan-an ni mo ti kọ ọ́ pé a ti rí ẹni tó yára fọn fèrè ju rẹfirí lọ. Ẹ rẹ́rìn-ín, orí mi wú. Màmá yọ bébà ọ̀hún láti inú Bíbélì ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Bírò pupa yí ọ̀rọ̀ kan ká níbẹ̀.

"Ó ní ẹ ṣi lẹ́tà kan kọ. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, ó dùn."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè mu omi tí wọ́n gbé fún mi.

Mo bi Màmá pé kí ló dé tí Bàbá kò fọhùn. "Ó ní akọ̀wé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á lé e." Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe lé e: wọ́n lé e gòkè. Òun ni alága àjọ lónìí. Nínú ìdíje ife, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé yá ni. Ta ló wá yọ ọ́fíìsì kúrò nínú òfin yìí?

Ojú àpá kì í jọ ojú ara. Ibi tí Bàbá ti ha orúkọ yẹn kúrò rì wọnú díẹ̀, lábẹ́ etí ife lápá ọ̀tún. Àtàǹpàkò ẹni tó bá gbé ife náà kò ní ṣàìbọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, alága ni yóò gbé e fún ẹgbẹ́ tó bá borí. Ohun tí mo ń béèrè kò ju gbólóhùn kan lọ, nínú gbohùngbohùn tí gbogbo pápá yóò gbọ́: "Èmi ni mo ní kó gbẹ́ ẹ." Kí wọ́n sì pe orúkọ Bàbá, kí lẹ́tà rẹ̀ pé. Màmá yóò wà lórí ìjókòó. Èmi ni mo máa mú un dání.

Ọ̀gá alága, ẹni tó ní kí ẹ dúró de fèrè ti lọ. Fèrè ti dún wàyí. Ẹ sọ̀rọ̀.