Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò-Sọnù àti Pátákó Rẹ̀

Ìjà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò-Sọnù bá ara rẹ̀ jà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń rántí rẹ̀ jù. Níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ físíìsì ni. Ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan ń ṣàlàyé ìṣirò kan lọ́wọ́, ni bàbá bá dìde fùú.

"Irọ́ gbuu! Ta ló kọ irú ìsọkúsọ yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn."

Bàbá yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Ẹ bá mi kí i. Ṣùgbọ́n ẹ ní kó lọ tún ìṣirò rẹ̀ ṣe."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló fi ogójì ọdún lé kiri. Bí ìràwọ̀ ńlá bá kú, tó di ihò dúdú tí ń gbé ohun gbogbo mì títí kan ìmọ́lẹ̀, ṣé ohun tó já sínú rẹ̀ sọnù pátápátá ni? Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá ní ó tì: ipa rẹ̀ wà níbì kan, ẹni tó máa kà á ni kò tíì dé.

Nílé ńkọ́? Agboòrùn mẹ́rin ló ti pòórá lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ òsì kan.

"Bàbá wọn, kọ́kọ́rọ́ ilé dà?"

"Kò sọnù. A ò kàn tíì mọ ibi tó wà ni."

Ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọ̀run. "Òjò tó ń bọ̀ yìí mọ ibi tí àwa wà."

Tó bá ń kọ̀wé sórí pátákó ní yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì, á máa tẹ ṣọ́ọ̀kì bí ẹni ń gbẹ́ igi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọjú láti yàrá kejì: "Ṣé ilẹ̀kùn lẹ ń kàn ni?"

"Ilẹ̀kùn ni. Ẹni inú ilé ni kò tíì dáhùn."

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá kú. Orí pátákó nìkan ni ìṣirò rẹ̀ tó kẹ́yìn wà. Ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a tẹ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì lè ka ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tú. Nítorí náà wọ́n ní kó wá dà á kọ kí wọ́n tó fún ẹlòmíràn ní yàrá náà.

Ó dé, ó bá agbálẹ̀ tuntun pẹ̀lú àkísà tútù. Pátákó ń dán.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ̀ bá rí bó ṣe dọ̀tí!"

Ìyá jókòó wọ̀ọ̀. Nígbà tó rọra sọ ohun tó wá ṣe, agbálẹ̀ kúnlẹ̀. "Mo gbé! Ẹ forí jì mí, Ìyá, mi ò mọ̀."

"Dìde, ọmọ mi. Kò sọ..." Ẹkún gba ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, omi sì ń gbẹ lára pátákó díẹ̀díẹ̀. Agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá, ẹ wò ó!"

Ìlà funfun tín-ín-rín ń yọ padà, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, níbi gbogbo tí ọwọ́ líle bàbá ti tẹ ṣọ́ọ̀kì wọ igi.

Ìyá yọ bírò. Ó dà á kọ títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí ìṣirò dáwọ́ dúró, tí bàbá kọ ọ́ sí pé: *Ìyá wọn, mo ti rántí. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú bàtà òsì.*

Ẹ̀rín pa ìyá títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàtà òsì ọ̀hún wá dà, Bàbá wọn?"

Ó gbé bírò dúró díẹ̀, bí ẹni tó mọ èsì tó ń bọ̀, tó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.