Obìnrin Tí Ó Dáhùn Ìpè Oúnjẹ

Ọmọ ìlú Atokoligbé ní Benin ni obìnrin náà. Ẹ̀tẹ̀ ló lé e kúrò nílé. Ó gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ìlú Savalou títí ó fi san. Dókítà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé àrùn náà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Mo fẹ́ gbé ìròyìn ìpadàbọ̀ rẹ̀ sórí rédíò, la bá jọ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan, òun lórí alùpùpù kan, èmi lórí òmíràn.

A dúró lójú ọ̀nà ra epo lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà kan. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti sọ fún mi pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á kí mi, mo mọ̀. Wọ́n á kí mi láti òkèèrè. Ẹni tó máa bá mi tọwọ́ bọ abọ́ kan náà ni mò ń wá. Bí n ò bá rí i lónìí, Savalou ni mò ń padà sí."

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀, ìsìn ti parí. Àwọn obìnrin ìjọ jókòó yí abọ́ iyán ńlá kan ká lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá ìjọ kọ ẹ̀yìn sí wa. Ó gbúròó alùpùpù, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn tó fi pariwo pé: "Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wá bá wa jẹun!"

Gbogbo wa la mọ ìdáhùn rẹ̀. "Á gba ibi ire o," là á sọ, a ó sì bá tiwa lọ. Ẹni tó bá jókòó lóòótọ́, ẹnu ni wọ́n á máa fi ròyìn rẹ̀ kiri.

Obìnrin yìí ní: "Ẹ ṣé, ìyá. Mò ń bọ̀." Ó ṣanwọ́, ó jókòó.

Obìnrin tó se ọbẹ̀ fa ọwọ́ rẹ̀ yọ nínú abọ́ bí ẹni tí iná jó. "Yéè! Òun nìyẹn! Ìyá, ẹnu yín ló pè é o. Ẹ fi ẹnu náà lé e."

"Ìwọ lọ lé e."

"Èmi kọ́ ni mo pè é!"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ ìyá ìjọ. Ó ń wo àwọn ìka àlejò náà tí ẹ̀tẹ̀ ti jẹ kúrú. Ó ní, "Jésù fọwọ́ kan irú wọn."

"Jésù nìyẹn, ìyá. Ẹ̀yin kọ́."

"Ta wá ni a ń kọrin láti àárọ̀ pé a fẹ́ jọ?"

Ìyá ìjọ ti abọ́ sún mọ́ àlejò náà, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àlejò. Ọbẹ̀ ta sí ìyá láṣọ. Àwọn méjèèjì gbé òkèlè mì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlejò náà wò yíká. "Ìyá, ẹ má bínú o. Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

Ẹ̀rín bú! Ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó se ọbẹ̀ fò dìde: "Ẹ gbọ́ mi! Kò tíì jókòó tán, ó ti ń bú ọbẹ̀ mi!" Ó tọwọ́ bọ abọ́, ó tọ́ ọ wò, ó lanu sílẹ̀. "Háà. Lóòótọ́ ni o." Kò fa ọwọ́ yọ mọ́. Àwọn yòókù sún wọlé. Èmi náà gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi sílẹ̀, mo wá àyè jókòó.

"Ó dáa," ìyá ìjọ nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí àlejò, "ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ló máa sè é."

"Ilé ìdáná wo ni kí n wá lò, ìyá?"

"Tèmi ńkọ́?"