Sódà Tó Wà Nínú Bisikíìtì Atalẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́, tí kò sì lẹ́nu láti béèrè ìdí, ìlú Ìfọ̀ ni à ń gbé, nínú ilé alámọ̀ kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, àwo orí pẹpẹ á máa gbọ̀n, a ó sì dá ọ̀rọ̀ dúró títí yóò fi kọjá tán. Mo ti darúgbó báyìí, Mówè ni mo fi ṣe ibùgbé, ariwo tí mo sì ń gbọ́ kò ju ti jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò lọ. Ṣùgbọ́n bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, tí mo bá gbóòórùn atalẹ̀ àti ṣúgà lórí iná, àyà mi á já. Ẹ̀yin ọmọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ á ní Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn bisikíìtì. Irọ́ ni o. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ọṣẹ ni wọ́n ń sè tà. Kì í ṣe ọṣẹ dúdú tí a ń fi eérú ṣe, bí kò ṣe ọṣẹ funfun tí wọ́n ń fi epo àti sódà ṣe, tí wọ́n ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ lọ sí ọjà Ìfọ̀. Nítorí náà, nílé wa, bí ènìyàn bá dárúkọ sódà, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ohun funfun inú garawa onídèérí tó wà lábẹ́ ibùsùn Ìyá Àgbà, tí ọmọdé kò gbọdọ̀ sún mọ́. Bó bá kan awọ ara, awọ á bó. Mo ti rí àpá rẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà fúnra wọn.

Sódà yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn àti bàbá kan tí ẹ̀yìnkùlé wọn kan tiwa. Bàbá náà ti ṣiṣẹ́ ojú irin fẹ̀yìn tì, mùsùlùmí tí kì í pa ìrun jẹ ni wọ́n, ọgbà tẹ̀tẹ̀ àti ata ni wọ́n sì fi ń dára yá. Òjò ńlá kan ló rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé omi ọṣẹ láti ẹ̀yìnkùlé wa, ó dà á sínú ọgbà wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀fọ́ ti rọ, ewé ata ti ń jábọ́. Bàbá wá, wọ́n bínú, wọ́n bú Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà náà kò sì gbé ẹnu dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ilé. Nígbà tí Iléyá dé, ẹran kò ti ọ̀dọ̀ wọn wá sílé wa mọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Màmá mi ni ó dùn jù. Wọ́n á ní, "Bí a bá figbe ta, ta ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ bí kò ṣe àwọn?"

Ọdún Kérésìmesì wọlé, àbúrò màmá mi sì wọkọ̀ ojú irin wá láti Èkó láti bá wa ṣọdún. Àǹtí ni à ń pè wọ́n. Wọ́n ti se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń yan bisikíìtì atalẹ̀ kan tí ó rọ̀ bí búrẹ́dì, tí wọ́n ń da ṣúgà funfun lé lórí. Ẹ má rò pé ó le koránkorán bí èyí tí ẹ ń rà nínú ọ̀rá o. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á wọlé, á sì tún padà bọ̀.

Inú màmá mi dùn dé góńgó. Wọ́n ní èyí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú iná, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀yìnkùlé ni yóò lọ, kí ìjà lè parí kí ọdún tó dé. Wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, nítorí a kì í fi àjẹkù bẹ ẹni tí a ṣẹ̀. Wọn kò sọ fún Ìyá Àgbà rárá, nítorí wọ́n mọ̀ pé Ìyá Àgbà yóò ní, "Ṣé èmi ni mo ní kí òjò rọ̀?"

Ọ̀sán ọjọ́ náà, a gún atalẹ̀ nínú odó, a fún omi rẹ̀ sínú ife. Mo lọ ṣúgà lórí ọlọ títí ó fi kúnná bí lẹ́búlẹ́bú. Àǹtí po fúláwà, bọ́tà àti ẹyin pọ̀, wọ́n wá tú àpò wọn, wọ́n pòṣé. Wọ́n ti gbàgbé sódà wọn, èyí tí ń mú kí bisikíìtì wú, sí Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n mi," wọ́n bi màmá mi, "ṣé a lè rí sódà díẹ̀ níbí?"

Màmá mi ń fẹ́ná lọ́wọ́, èéfín ti kún ojú wọn. "Sódà? Ìyá ní i. Ọmọ, sáré lọ gbà á wá."

Bí mo ṣe lọ nìyẹn. Ìyá Àgbà bi mí ohun tí ará Èkó fẹ́ fi sódà ṣe. Mo ní nǹkan ọdún ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọṣẹ ọdún! Bó bá gbìyànjú rẹ̀ wò, á mọ̀ pé iṣẹ́ wa kì í ṣeré." Wọ́n bù díẹ̀ sínú agolo mílíìkì, wọ́n ní kí n sọ fún Àǹtí pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Mo jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Àǹtí wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n rò pé ọwọ́ mi dọ̀tí ni?" Wọ́n fi ṣíbí bù ú. Wọ́n ní sódà Ìfọ̀ kò kúnná tó ti Èkó, wọ́n sì dà á sínú omi atalẹ̀ kí ó lè yọ́, wọ́n ní kí n bá àwọn di ife náà mú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ife náà gbóná. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, omi tútù ni a fi pò ó, síbẹ̀ ó ń gbóná sí i lọ́wọ́ mi bí ohun tó ní ẹ̀mí. Mo ní, "Àǹtí, ife yìí ń gbóná o."

"Atalẹ̀ ni," Àǹtí dá mi lóhùn. "Ata ilẹ̀ kọ́ ló ń jẹ́ ni?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Àǹtí po ìyẹ̀fun náà, wọ́n ní ó ń yọ̀ lọ́wọ́ àwọn, ó sì ń ta àwọn ní ìka. A tún ní atalẹ̀ ni. A fi iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin, a to bisikíìtì sínú àwo lórí rẹ̀, a dé e, a kó ẹ̀yinná sórí ìdérí. Nígbà tí wọ́n ṣí i, bisikíìtì náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán. Àǹtí ní àwọ̀ rẹ̀ kò dára tó báyìí rí l'Ékòó. Wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ po ṣúgà tí mo lọ̀, wọ́n dà á lé e lórí. Màmá mi to díẹ̀ sínú àwo, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo bá bàbá ẹ̀yìnkùlé lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní màmá mi ní kí n gbé e wá, ẹ kú ìmúra ọdún. Wọ́n ṣí aṣọ, wọ́n wo bisikíìtì, wọ́n wo ojú mi. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n nà án sí mi.

"Tọ́ ọ wò."

Ẹ mọ̀ pé ẹni tó gbé nǹkan wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn ẹni tí a fún lè balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, wọn a sì máa nà wá nílé wa bí a bá jẹun nílé onílé. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà. Mo ti yó."

"O ti yó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ojú wọn yí padà. Wọ́n dá ẹyọ náà padà sínú àwo, wọ́n rọra fi aṣọ bò ó. "Ó dáa. Gbé e kalẹ̀. Máa lọ."

Nígbà tí mo padà délé, mo bá Ìyá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n wá gba agolo wọn. "Ọṣẹ ọdún ọ̀hún dà?" wọ́n bi Àǹtí.

"Ọṣẹ kẹ̀, mà? Bisikíìtì ni. Òun rèé."

"Sódà mi ń kọ́?"

"Ó ti wà nínú rẹ̀, mà."

N kò rí ojú Ìyá Àgbà bẹ́ẹ̀ rí títí wọ́n fi kú. Wọ́n gbá àwo tó wà lọ́wọ́ Àǹtí dànù, bisikíìtì fọ́n ká ilẹ̀. "Sódà ọṣẹ! Sódà tó ń bó awọ! Ta ló ti jẹ nínú rẹ̀?" Wọ́n la ẹnu mi, wọ́n wo ahọ́n mi. Àǹtí kàn ń wo ìka ọwọ́ wọn tó ti pupa. Màmá mi ló sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ: "Ìyá, ẹ dárí jì mí. A ti gbé àwo kan lọ fún bàbá ẹ̀yìnkùlé."

Mo ti sáré kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Mo ti rí ìbẹ̀rù lóríṣiríṣi láyé mi, mo ti lọ sí yunifásítì, mo sì ti kà nínú ìwé ohun tí sódà oníná ń ṣe nínú ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé tó lè sọ bí ẹ̀yìnkùlé kékeré yẹn ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni pé ẹ̀fọ́ wọn kú, àwọn náà yóò kú, gbogbo ayé yóò sì ní èmi ni mo gbé májèlé lọ, nítorí mo kọ̀ láti tọ́ ọ wò.

Nígbà tí mo débẹ̀, àwo náà ti ṣófo. Aṣọ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rún pọ̀. Bàbá sì nà gbalaja lórí ẹní, fìlà wọn bo ojú wọn, ọwọ́ wọn kan wà nílẹ̀.

Mo pè wọ́n, wọn kò dáhùn. Mo tún pè wọ́n. Màmá mi dé, wọ́n rí àwo, wọ́n káwọ́ lérí, wọ́n kúnlẹ̀. Ìyá Àgbà ló dé kẹ́yìn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò tẹ ilẹ̀ ọgbà yẹn mọ́ láti ọjọ́ ìjà. Wọ́n wólẹ̀, wọ́n ṣí fìlà kúrò lójú bàbá, wọ́n gbé orí wọn lé itan, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń da epo sí wọn lẹ́nu. "Mo bá ọ jà lóòótọ́," ni wọ́n ń sọ, "n kò ní kí o kú. Jọ̀ọ́, gbé e mì. N kò ní kí o kú!"

Bàbá húkọ́, wọ́n jókòó lójijì, epo pupa ń ṣàn nínú irùngbọ̀n funfun wọn. "Lá iláha illallahu! Ṣé ènìyàn kò ní sùn mọ́ kí ìrun Àsárì tó tó? Ta ló ń fi epo kùn mí?"

Màmá mi ló sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú eékún nílẹ̀: sódà tí Àǹtí bèèrè, sódà tí Ìyá Àgbà fún wọn, orúkọ kan náà fún ohun méjì. Wọn kò fi ohunkóhun pamọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n nàka sí ẹ̀bá ọgbà wọn, níbi tí ilẹ̀ ti rú sókè.

"Mo ti rì í mọ́lẹ̀. Mo ní kí ọmọ yín tọ́ ọ wò, ó ní òun ti yó. Ọmọdé wo ló yó tí kò lè jẹ nǹkan dídùn? Ọkàn mi ní kí n má jẹ ẹ́." Wọ́n wo ojú mi títí, mo rò pé ilẹ̀ yóò lanu. "Ṣé o mọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Wọ́n ní kí n má jẹun nílé onílé ni."

Wọ́n wo Ìyá Àgbà, wọ́n wo ìgò epo. "Ẹni tó fẹ́ pa mí kò ní sáré wá da epo sí mi lẹ́nu," wọ́n ní. Wọ́n nu irùngbọ̀n wọn. "Ìyá ọlọ́ṣẹ, sódà rẹ jẹ ẹ̀fọ́ mi, kò yó, ó tún fẹ́ jẹ èmi náà?"

Ìyá Àgbà bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Nígbà tí Àǹtí tún un yan láìsí sódà kankan, ó le díẹ̀, ẹ̀yìnkùlé bàbá ni a ti jẹ ẹ́. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ bu tiwọn jẹ lójú gbogbo wa. Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, ẹran dé.

Nísinsìnyí, ayé ti yí padà. Sódà ti ní páálí tirẹ̀ àti orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ mi ń yan bisikíìtì atalẹ̀ lórí gáàsì ní Mówè lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, mo gba páálí náà, mo fi awò ojú mi kà á títí ó fi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò ní orúkọ mọ́ ni aládùúgbò. Ògiri ga, wáyà wà lórí ògiri, a kò mọ ẹni tó ń gbé òdìkejì. Nígbà tí ọmọ náà ní òun fẹ́ gbé díẹ̀ lọ fún wọn, ìyá rẹ̀ ní, "Ta ló ń jẹ nǹkan ọwọ́ aládùúgbò láyé òde òní? Wọ́n á dà á nù ni." N kò lè bá a jiyàn. A ń bẹ̀rù ẹni tí kò tíì ṣẹ̀ wá, a kò sì súnmọ́ ara wa tó láti sáré gbé epo lọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo gbé àwo náà fúnra mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣí géètì díẹ̀, ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí. Ó wo àwo, ó wo mí, mo sì mọ ojú yẹn. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà, ṣùgbọ́n..."

N kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Mo mú ẹyọ tó wà lókè, mo jẹ ẹ́ tán lójú rẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó rò pé ogbó ni, ó bá ṣí géètì kí n lè wá jókòó.