Sálúbàtà Ẹnu Ọ̀nà

Kò sí ẹsẹ̀ tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá rélùwéè Ọ̀fà tí n kò mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú ti bínú tán. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò kà á dé ìdajì. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi lẹ́ẹ̀kan péré, mo ti mọ nọ́ńbà bàtà rẹ, mo ti mọ ẹ̀gbẹ́ tí o máa ń fì sí tí o bá ń rìn, mo sì lè sọ bóyá ẹrù lo máa ń rù tàbí orí àga lo máa ń wà láti àárọ̀. Àwọn bàbá wa ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Èmi kì í bá èèyàn jà. Awọ lèmi ń bá jìjàkadì, awọ kan kò sì dá mi rí.

Nítorí náà, nígbà tí mo pinnu pé n óò tún fẹ́ ìyàwó, gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún pé ìyàwó mi kò ní wọ bàtà tí a rà lọ́jà lọ́jọ́ yìgì wa. Ọwọ́ mi yìí ni yóò rán an. Ìyá àwọn ọmọ mi ti ṣaláìsí, ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ ti dàgbà, oníkálukú ti gba ibi tirẹ̀ lọ. Mo ti rò pé ìrọ̀rí mi nìkan ni yóò máa gbọ́ ìhanrun mi títí ayé, àfi bí obìnrin onídìrí kan ṣe gbé báàgì tí ọwọ́ rẹ̀ já wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Opó ni, ọjọ́ orí wa kò jìnnà síra. Ó ní ẹ̀rín kan tó máa ń ti èjìká bẹ̀rẹ̀ kó tó dé ẹnu. Mo rán ọwọ́ báàgì náà ní ìlọ́po méjì kó má baà já mọ́. Nígbà tó lọ tán, mo kábàámọ̀ pé mo rán an dáadáa tó bẹ́ẹ̀, torí kí ni yóò tún gbé e padà wá? Ó padà wá ṣá o. Ṣé ojú mi yìí lèèyàn máa rí tí kò ní padà wá?

Òun ló kọ́kọ́ sọ pé òun kò fẹ́ èrò.

"Ẹni tó bá mọ ìgbà tí a ń mu gààrí láìsí ṣúgà nìkan ni kó wá," ó wí. "Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ."

"A ò sì ní háyà nǹkan kan," èmi náà dá a lóhùn. "Ọwọ́ wa àti ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa la ó fi ṣe gbogbo ẹ̀."

Ọ̀rẹ́ méjì ni mo ní láyé, télọ̀ kan tó máa ń pè mí ní Alága, àti káfíńtà kan. Láti ìgbà tí a ti ń jí máńgòrò ká lẹ́yìn rélùwéè la ti jọ wà. Káfíńtà gun ọ̀kadà lọ sí Ìjagbó lọ wá pákó tó dára, ó gbá pákó náà mọ́yà lẹ́yìn ọlọ́kadà bí ẹni gbé ìyàwó bọ̀ wálé. Ó fi kan bẹ́ǹṣì onímèjì tí kò sí ìṣó kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó sì búra pé bí a bá jà títí kan tó yíjú síhìn-ín tí ìkejì yíjú sọ́hùn-ún, bẹ́ǹṣì náà kò ní dún. Télọ̀ ń rán aṣọ wa. Àjákù aṣọ tó bá gé sílẹ̀, ìyàwó mi àti àwọn onídìrí ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó o, wọ́n á ya á ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á sì máa dì í bí ẹni dirun, títí ó fi di okùn aláràbarà tó gùn láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ìdí igi tí a ó jókòó sí. Èmi ń gé abẹ̀bẹ̀ awọ. Mo ń ṣe ìfikọ́ kọ́kọ́rọ́ aláwọ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀, mo fi irin gbígbóná tẹ ẹyẹ méjì sí i lára. Télọ̀ ní adìyẹ ni. Mo ní òun kò rí ẹyẹ rí ni.

Inú mi dùn débi pé mò ń kí àwọn tí n kò mọ̀ lójú títì.

Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ìyá ìyàwó mi. Alhaja ni wọ́n, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe fẹ̀yìntì, inú ilé kan náà sì ni àwọn àti ọmọ wọn ń gbé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Iṣẹ́ kí lo ní ò ń ṣe?" ni Alhaja bi mí.

"Aránbàtà ni mí, Màmá. Láti ibí dé Ìlọrin, kò sírú mi."

"Ẹni tó ń gbé bàtà oníbàtà sórí itan láti àárọ̀ dalẹ́." Wọ́n yíjú sí ọmọ wọn. "N kò ní kí o má fẹ́ ẹ. Ìwọ náà kì í ṣọmọdé. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín jókòó níbi yìgì kankan. Yàrá mi ni màá wà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Èjìká rẹ̀ kò mì rárá lọ́jọ́ náà.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Bí màmá mi ò bá jáde, èmi náà ò lè jáde. Àwọn nìkan ni mo ní."

Ẹ wá wò ó: aṣọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bẹ́ǹṣì ti tán, okùn aṣọ ti ń yí igi po, gbogbo ẹ̀ wá dúró lórí bóyá màmá àgbà kan yóò ṣí ilẹ̀kùn yàrá wọn. Mo ní kí ìyàwó mi fọkàn balẹ̀, pé awọ tó le bí igi ni mo ń sọ di rírọ̀. Mo ra iṣu tó yọ gbọ̀ǹgbọ̀ wá láti ọjà Òjokú. Alhaja jẹ iṣu. Wọ́n ní kí ọmọ wọn bá wọn dúpẹ́. Wọn kò jáde.

Mo bá gbájú mọ́ bàtà. Mo fẹ́ kó bá ìyàwó mi lójijì, n kò sì fẹ́ bèèrè ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú mi tó ń mọ ẹsẹ̀ ọ̀nà jíjìn, kò lè rí ti obìnrin yìí, torí ìbọ̀sẹ̀ kì í wọ́n lẹ́sẹ̀ rẹ̀, bàtà tó bo gbogbo ẹsẹ̀ ló sì máa ń wọ̀ jáde. A kò tíì so yìgì, n kò lè ní kó gbẹ́sẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo bá lo ọgbọ́n. Lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, bí mo ṣe ń kúrò ní mọ́sálásí, mo yà sílé wọn. Mo bá a tó ń pọn omi bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ó bọ́ sálúbàtà aláwọ̀ búlúù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé omi wọlé. Ojú mi méjèèjì ló rí i. Kó tó jáde, mo ti yọ pépà sìmẹ́ńtì lápò, mo ti fi pẹ́ńsùlù yí sálúbàtà náà po, mo ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ mo sì ti kà á bí aláfàá ṣe ń ka wàláà.

Háà! Ohun tí mo kà níbẹ̀! Ẹsẹ̀ náà fẹ̀ bí àjẹ̀ ọkọ̀. Gìgísẹ̀ ti jẹ rọ́bà lọ sí apá kan. Ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, rọ́bà wú síta bí ẹni pé àsálà kan ń gbé ibẹ̀. Kókó ni. Kókó ẹsẹ̀ tó ti pẹ́, tó ń dun èèyàn lóru.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, mo gbé pépà náà síwájú mi. Ṣé ohun tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò mọ́lẹ̀ nìyí? Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún lé sí i.

"Má wulẹ̀ fi pa mọ́ fún mi," mo wí sókè. "Ẹsẹ̀ rẹ yìí náà, mo fẹ́ ẹ."

Télọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Alága, pépà sìmẹ́ńtì lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ó mà ti rù o."

Mo lé e jáde. Mo mú awọ ewúrẹ́ tó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun, aláwọ̀ obì pupa. Ọwọ́ ni mo fi rán gbogbo rẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kàn án. Níbi tí kókó wà, mo ṣe yàrá kékeré sí i nínú, mo fi aṣọ mùkẹ́mùkẹ́ tẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n bí o wò ó lóde, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń rán bàtà, n kò rán irú ẹ̀ rí. Mo gbé e sùn.

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjèèjì kó ẹrù lọ sílé wọn, pé ká wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí. A gbé bẹ́ǹṣì kalẹ̀ ní pálọ̀. Ìyàwó mi jókòó lé e, mo sì ṣí aṣọ lórí bàtà.

"Wọ̀ ọ́," mo wí. "Wọ̀ ọ́ kó o rí ohun tí Ọlọ́run fi jíǹkí ọwọ́ ọkọ rẹ."

Ó wọ̀ ọ́, ó dìde. Ó gbé ẹsẹ̀, bàtà dúró sílẹ̀.

"Ọ̀rẹ́," ni káfíńtà wí, "ọkọ̀ ojú omi lo kàn yìí, àbí bàtà?"

"Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀," mo wí. "Bàtà mi kì í ṣì. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló súnkì. Ṣé o ti ń gbààwẹ̀ ni?"

Ìyàwó mi ń wo inú bàtà, ó ń wo mí. "Níbo lẹ ti rí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mi?"

Mo na ìka sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí sálúbàtà búlúù wà. "Mo rí ọ tí o bọ́ ọ."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó mì, ó mì, ẹ̀rín dé ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ikùn mú. "Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ta ló máa ń wo ẹni tó ni sálúbàtà ẹnu ọ̀nà? Èyí tí ẹsẹ̀ bá bá níbẹ̀ lèèyàn ń wọ̀! Ti màmá ni!"

Télọ̀ ń fi orí gbá ògiri. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Alhaja ló dúró níbẹ̀.

Wọn kò wò mí. Bàtà pupa tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń wò.

"Ta ló ni èyí?"

"Tiyín ni, Màmá," ni ọmọ wọn wí.

Alhaja di ilẹ̀kùn mú, wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́. Wọ́n ki èkejì. Wọ́n rìn dé ìdí fèrèsé, wọ́n rìn padà, wọ́n tún lọ. Mo gbọ́ bí awọ mi ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ nílẹ̀, kò sí ìrora kankan nínú ohùn rẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé kókó wà níbẹ̀?"

"Sálúbàtà yín ló sọ fún mi, Màmá. Mo gbà pé ẹsẹ̀ ọmọ yín ni."

"Ìwọ rí ẹsẹ̀ báyìí, o gbà pé tirẹ̀ ni, o sì tún fẹ́ fẹ́ ẹ?"

"Màmá, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ sí yára."

Ìgbà náà ni mo mọ ibi tí ìyàwó mi ti jogún ẹ̀rín. Èjìká Alhaja ló kọ́kọ́ mì. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, wọ́n fi ìborùn nu ojú.

"Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, mi ò rí bàtà tó gba ẹsẹ̀ mi. Alhaja bíi tèmi, ṣé sálúbàtà rọ́bà ni kí n wọ̀ lọ sáàárín èèyàn, kí wọ́n máa wò mí nílẹ̀?" Wọ́n kọjú sí télọ̀. "Ìwọ, ṣé o lè rán aṣọ tó máa bá àwọ̀ yìí lọ?"

"Kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, Màmá!"

Ẹ ò gbọ́ ariwo tí a pa? Káfíńtà gun orí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ń jó. Bẹ́ǹṣì kò dún.

Ó wá ku bàtà ìyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ gbé ẹsẹ̀ lé pépà sìmẹ́ńtì lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n Alhaja ní èmi kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn títí aláfàá yóò fi so yìgì. Àwọn fúnra wọn ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yí ẹsẹ̀ ọmọ wọn po, tí mò ń pàṣẹ láti ọ̀ọ́kán: "Ẹ rọra níbi gìgísẹ̀, Màmá." Wọ́n ní kí n panu mọ́. Awọ tó kù nínú ti àkọ́kọ́ ni mo fi rán an, ó sì bá a mu régí.

Lọ́jọ́ náà, abẹ́ igi ni a tẹ́ ẹní sí. Okùn aṣọ tí àwọn onídìrí dì ń fì lórí wa, abẹ̀bẹ̀ awọ mi wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Oníkálukú bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, tèmi, ti ìyàwó mi, ti aláfàá pàápàá. Alhaja náà bọ́ tiwọn. Wọ́n wo bàtà tó tò lọ rẹrẹ, wọ́n wo ojú àwọn èèyàn, wọ́n rántí pé nílé wọn, ẹsẹ̀ tó bá bá bàtà lẹ́nu ọ̀nà ló ń wọ̀ ọ́. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọ́n kó bàtà pupa tiwọn, wọ́n fi ìborùn nù ún, wọ́n wá jókòó ti ọmọ wọn.

Télọ̀ fi ìgúnpá gún mi. "Alága, wo ibi tí Màmá gbé bàtà sí."

Mo ti rí i tipẹ́. Èjìká ìyàwó mi sì ti ń mì lábẹ́ ìbòjú. Aláfàá gbé àdúà sókè, gbogbo wa tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Alhaja tẹ́ ẹyọ kan. Ọwọ́ kejì di bàtà mú lórí itan, ohùn wọn ló sì ròkè jù nínú àmín.