Ẹja Tó Ń Pọn Ọmọ Ọlọ́mọ

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Àjíǹde, ní ọdún kejì tí wọ́n sé Odò Mono, ni àbúrò ìyá mi gbé garawa ẹja wọ yàrá àyẹ̀wò wa ní Atakpamé. Omi odò náà ti bo oko rẹ̀. Adágún ẹja tó gbẹ́ sí Datcha nìkan ló kù tó fi ń jẹun.

Kókó funfun wínníwínní wà lára lẹbẹ àwọn ẹja náà. Ọ̀gá mi ní aràn ni. Kí ó má baà ràn dé odò, wọn yóò da ẹfun gbígbóná, irú èyí tó ń hó tó sì ń jóni bí ó bá kan omi, sínú adágún náà ní ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú rẹ̀ kú.

Èmi rò pé kì í ṣe aràn. Ìṣáwùrú kan wà tí ìkarahun rẹ̀ máa ń pa dé bí igbá àti ọmọrí. Ọmọ rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ara ẹja títí yóò fi gbó, a sì já bọ́.

Àbúrò ìyá mi gbọ́ àlàyé mi tán. “Ṣé o ní ẹja mi ń pọn ọmọ ọlọ́mọ?”

“Ó ṣeé ṣe, ìyá.”

“Gbogbo ìwé tí o kà, ‘ó ṣeé ṣe’ ni wọ́n rí kọ́ ọ. Lọ sọ fún ọ̀gá rẹ pé kò léwu.”

Mi ò lè sọ ọ́, nítorí mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ ìṣáwùrú odò wa. Ó sì lè jẹ́ àjèjì tó bá ọmọ ẹja tí wọ́n kó wá láti òkèèrè dé. Ọ̀gá mi ní bí mo bá fi ìkarahun han òun kí wọ́n tó da ẹfun, òun yóò dúró ná.

Mo kó àwọn ẹja náà sínú ọpọ́n, mò ń retí kí kókó kan já bọ́. Iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi dúró. Mo ń fi ọwọ́ ru omi, wọ́n ṣì ń kú. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ọ̀kan ló kù, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo ń bẹ̀ ẹ́, èmi tí kì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Àárọ̀ Ẹtì, kókó kan já bọ́. Mo fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó: ó ṣí, ó pa dé. Ọ̀gá mi ti kó àpò ẹfun lọ. Mo fi ìgò bu ohun náà, mo sáré dé Agbonou kí n tó rí ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé mi dé Datcha.

Omi adágún ti funfun bí omi ẹ̀kọ. Àbúrò ìyá mi dúró létí rẹ̀, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò wojú mi.

“Ọmọ ta ni?”

“Ó ní ìkarahun méjì.”

“Ọmọ ta ni, mo bi ọ́.”

Mo gbé ìgò náà sókè, mo fi awò ọwọ́ wò ó. Ó ṣí, ó pa dé, kò sì ṣí mọ́.