Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta àti Ohùn Bàbá Rẹ̀

Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà rẹ̀ ń dúró lé kì í kúrò léjìká rẹ̀. Àwọn aláhesọ ní ó ń gbé e wọ balùwẹ̀, pé ohun tó lé ọkọ rẹ̀ lọ nìyẹn: mẹ́ta ni wọ́n ń sùn lórí ibùsùn.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọṣẹ́. Bí ẹni tuntun bá dé ilé iṣẹ́ ìròyìn wọn, tó ń ju kámẹ́rà kiri bí ẹni tí agbọ́n ń lé, á ní, "Àbúrò, ṣé èèyàn lò ń yà ni, àbí eṣinṣin lò ń lé? Tó o bá fẹ́ yí i láti ọ̀tún sósì, kó máa lọ bí ìgbín. Ìgbín tó ti jẹun yó."

Tó bá fẹ́ fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ńkọ́? Ó ti fi téèpù dúdú bo iná pupa iwájú kámẹ́rà tó ń fi hàn pé ó ti ń gbàwòrán, torí ọ̀gá tó ń bú mọ́ni bíi kìnnìún, tó bá ti rí iná yẹn, òkú ẹja ló ń dà. Nígbà tí wọ́n bá ṣì ń ṣàwàdà ni yóò ti rọra tẹ bọ́tìnnì, láìsọ fẹ́nì kan. Ọ̀rọ̀ tó dùn jù kì í dúró de "ó yá". Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló ń wò, kì í wo ẹ̀rọ mọ́.

Àìsàn wá mú bàbá rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Dókítà ní àwọn yóò gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò, àwọn á sì lu ihò sí ọrùn rẹ̀ tí yóò máa fi mí: bàbá á yè, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láyé. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ọmọ gbé ẹrù rẹ̀ dé yàrá bàbá, láti gba ohùn náà sílẹ̀.

"Ìwọ àti igi ẹ," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. "Ṣé mo ti di gómìnà ni?"

"Ẹ ju gómìnà lọ, Bàbá. Òótọ́ lẹ fẹ́ sọ."

Ó fa àga kúrò lára ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè bà lé ẹ̀gbẹ́ ojú bàbá kan. Ó gbé kámẹ́rà sí déédéé ojú rẹ̀, ó so gbohùngbohùn kékeré mọ́ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀.

"Wáyà yìí ń rìn mí," ni bàbá ń ráhùn.

Ọwọ́ ọmọ tẹ bọ́tìnnì. Ọwọ́ tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò bi í léèrè.

"Ó yá, Bàbá. Èmi ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo kámẹ́rà." Kó má bàa gbàgbé, ó tún tẹ bọ́tìnnì.

Odidi wákàtí kan ni bàbá fi sọ̀rọ̀ ìyá ọmọ rẹ̀, tó kú lọ́jọ́ tó bí i, tí bàbá kò sì dárúkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Ó sọ nípa ẹ̀rín rẹ̀, tó ń jí àwọn aládùúgbò ilé kẹta. Ó kọ orin tó fi ń rẹ ọmọ aláìníyàá lẹ́kún. Nígbà tó dákẹ́, ọmọ kò kánjú béèrè nǹkan míì. Ó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ máa ń fa ọ̀rọ̀ jáde.

"Àwọn dókítà ní kí n mú ọ̀kan nínú ìwọ àti ìyá ẹ," ni bàbá wí níkẹyìn. "Òun ló mú ẹ. Ó ní kí n sọ fún ẹ, mi ò lè sọ ọ́."

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ọmọ tó jókòó wo ohun tó gbà sílẹ̀. Bàbá ń ráhùn wáyà. Ohùn tirẹ̀: "Ẹ má wo kámẹ́rà." Ó tán. Àwòrán kejì bẹ̀rẹ̀: bàtà rẹ̀, ilẹ̀, òkùnkùn inú báàgì, ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ìgbà àkọ́kọ́ tó tẹ bọ́tìnnì ló ti tàn án. Èkejì ló pa á. Ẹ̀kẹta, tó rò pé òun fi pa á, ló tún tàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mọkànlá, bóyá ọ̀rọ̀ yóò ṣàánú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, bàbá kọ ọ́ sínú ìwé: "Ṣé ó jáde dáadáa?"

"Ó jáde, Bàbá."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó ki gbohùn-sétí bọ̀ ọ́ létí. Bàbá gbọ́ ara rẹ̀ tó ń ráhùn, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá ń fi ìka júwe pé kó sún un síwájú, síbi ọ̀rọ̀ gan-an. Ìka náà kò dúró. Ẹlẹ́sẹ̀mẹ́ta yọ ọ́ kúrò létí rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Bàbá kò bínú. Ó gbé ara rẹ̀ dìde jókòó, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde níbi ihò ọrùn rẹ̀.